Ìjàpá àti Ìlà Ara Ọkọ̀

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá gbàá, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, nígbà tó sọ ara rẹ̀ di atukọ̀ ní èbúté Ìgbókòdá.

Ọjọ́ ọjà ni. Ọkọ̀ ń lọ sí Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, tí òkun sì ti fẹ́ jẹ tán. Ìlà funfun kan wà lára ọkọ̀ náà: bí omi bá ti kàn án, ẹrù tó nìyẹn. Láti 1876 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣòfin fún ọkọ̀ òkun wọn. Ó jọ pé wọ́n ní Ìjàpá lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Ẹlẹ́dẹ̀ kó sìmẹ́ǹtì dé. Òkun ti wó ilé rẹ̀, ó fẹ́ kọ́ òmíràn. Ewúrẹ́ kó gààrì. Ọ̀bọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù, sìgá ń jó lẹ́nu rẹ̀.

Lékeléke ní, "Ẹ̀yin ará, àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá ni à ń to ẹrù wíwúwo sí. Ẹ fi okùn dè é, kó má baà yí sápá kan bí ìgbì bá dé. Ẹ má kó o jọ sí imú ọkọ̀. Ọ̀bọ, paná ẹnu rẹ."

"Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n," Ewúrẹ́ dáhùn, "sìmẹ́ǹtì Ẹlẹ́dẹ̀ ti pọ̀ jù." Ẹlẹ́dẹ̀ ní epo Ọ̀bọ ni wàhálà. Ọ̀bọ nawọ́ sí gààrì. Gbogbo wọn ló rí i pé ẹrù pọ̀, ẹrù ẹlòmíì ṣáá ni.

Omi kan ìlà. Ìjàpá mú ọ̀dà, ó pa ìlà rẹ́, ó fa òmíràn sókè. "Omi ò tíì kàn án. Ó ku ẹnì kan!"

Adìẹ, tí kò mọ̀wẹ̀, wọlé. "Bọ̀dá Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́?" Ó wà. Ìjàpá ti dì í sínú ọ̀rá kó má baà dọ̀tí, sìmẹ́ǹtì ló sì wà lórí rẹ̀.

Akàn, ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò, dé. Yánníbo bu edé gbígbẹ fún un. Akàn wo ìlà tuntun, ó ní ọ̀dà náà dán.

Ni Lékeléke bá forin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Atukọ̀ o, ọkọ̀ ti kún,
*Ẹ sún mọ́ra!*
Omi ń yọjú wo wá,
*Ẹ sún mọ́ra!*
Okùn dà, ta ló dẹrù?
*Ẹ sún mọ́ra!*
Ìlà ń gòkè, ọkọ̀ ń sọ̀,
*Ẹ sún mọ́ra!*

Wọ́n sún mọ́ra lóòótọ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ mìíràn fi sáré kọjá. Ìgbì rẹ̀ gbá tiwọn, sìmẹ́ǹtì tí wọn ò dè yí sósì, èrò fò sọ́tùn-ún, gbogbo wọn bá dójú dé. Lékeléke fò. Adìẹ gun kẹ́ẹ̀gì Ọ̀bọ. Àwọn apẹja ló fi àwọ̀n wọ́ àwọn yòókù jáde.

Wọ́n kó wọn dé iwájú Ọ̀nì, ọba omi. "Kábíyèsí," Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "sìmẹ́ǹtì mi ò wúwo, ìgbà tó wọmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo." Ewúrẹ́ ní gààrì òun, inú omi ló ti wú. Ìjàpá búra pé omi ò kan ìlà.

Ọba ní kí Akàn wá sọ ibi tí ìlà wà lọ́jọ́ náà. Akàn yà sọ́tùn-ún. Wọ́n tún bi í, ó yà sósì. Ọba ṣì ń retí èsì.