Kìlómítà Olówó, Kìlómítà Mẹ́kúnnù

Láti pápákọ̀ òfurufú Changi ní Singapore dé ti John F. Kennedy ní New York, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 15,300. Bàálù tó ń ná ọ̀nà yìí láìbalẹ̀ níbì kankan ń lò tó wákàtí 18 lókè, nígbà mìíràn ó ń lé. Ẹni tó ti Èkó dé London, tí kò jẹ́ kí ará ilé sinmi nítorí pé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò tíì rìn tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Ẹni tó bá gbé rúlà lé máàpù ara ògiri yóò mú èrò gba orí Áfíríkà kọjá. Ayé kì í ṣe pátákó: bí wọ́n bá na okùn lára àwòrán ayé róbótó, ẹ̀bá òpin àríwá ayé gan-an ni yóò gbà. Awakọ̀ náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé okùn. Atẹ́gùn líle kan wà lókè tó ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà bàálù tó ń lọ sí New York a máa gba orí òkun Pàsífíìkì kí atẹ́gùn lè máa tì í lẹ́yìn. Ọ̀nà gùn sí i, ó sì yá sí i. Àwọn onídáńfó tó ń sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Oshodi gba inú àdúgbò kò nílò olùkọ́ lórí èyí.

Aago ní irọ́ tirẹ̀. Wákàtí 12 tàbí 13 ni Singapore fi ṣíwájú New York, bí àsìkò bá ṣe rí. Ẹni tó gbéra nígbà tí òru ń wọ ọ̀gànjọ́ yóò balẹ̀ ní ìdájí. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, bí wákàtí mẹ́fà péré ló rí. Nígbà tó bá ń padà, aago á gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú èlé: ó kúrò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Epo ló le jù níbẹ̀. Ní 2004, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, Airbus A340-500, ni Singapore Airlines kọ́kọ́ fi ń lọ sí Newark, ẹ̀gbẹ́ New York. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ìjókòó 100, ti ọ̀tọ̀kùlú nìkan. Síbẹ̀ epo jẹ owó náà tán, wọ́n pa ọ̀nà náà tì ní 2013. A350-900ULR, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, ló jí i dìde ní 2018, ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò dé John F. Kennedy ní 2020. Táńkì A350-900ULR ń gba epo tó lítà 165,000. Èrò ńkọ́? Ìjókòó 161 péré: 67 fún àwọn tí ìjókòó wọn ń di bẹ́ẹ̀dì, 94 fún àwọn tó lówó díẹ̀ ju mẹ́kúnnù lọ. Ti mẹ́kúnnù gan-an kò sí. Epo ti gba àyè rẹ̀.

Mẹ́kúnnù ń gba Frankfurt. Á balẹ̀, á dúró, á tún gbéra, wákàtí á sì máa gorí wákàtí, láàárín pápákọ̀ méjì kan náà.