Ẹnjiníà A-fọ́máàtì-má-bèèrè

Kò sí àrùn tó lè ṣe kọ̀ǹpútà tí Ẹnjiníà kò ní fi fọ́máàtì wò. Bó bá ń lọ́ra, fọ́máàtì. Bí kò bá gba íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, fọ́máàtì. Bí ọmọ bá da mínírà sórí kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà mẹ́ta kò sì jáde mọ́, Ẹnjiníà á dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, á gbé etí lé e, á mirí, á wá sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà: "Virus ti wọ inú ẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀."

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ó wà lẹ́nu géètì fásitì, ó wà ládùúgbò yín nínú kòńténà tí wọ́n kọ "typing, photocopy, laptop repairs" sí lára. Inú agolo mílíìkì ni síkúrúdíráfà rẹ̀ wà. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti tú ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ jókòó tì í láti ọdún tó kọjá. Ó ti sú àwọn tó ni wọ́n. Fláàṣì kan rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, inú fláàṣì yẹn sì ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ wà: Windows 7, Windows 10, Office tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, àti ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní activator. N kò bú ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá o. Àwọn kan wà ní Ọ̀tígbà kan náà tí wọ́n ń fi máíkírósíkópù wá ibi tí iná ti gé lórí bọ́ọ̀dù, tí wọ́n á sì jó o padà. Mo kan sáárá sí wọn. Ẹni tí mò ń wí yìí kì í wá nǹkan kan. Fláàṣì ló ń kì bọ̀ ọ́.

Síbẹ̀ fọ́máàtì gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Ìbéèrè rẹ̀ ni. Ẹnjiníà ní ìbéèrè kan ṣoṣo láyé, "Ṣé ẹ ní backup?", kì í sì í béèrè rẹ̀ àfi bí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹ wo tíṣà kan tó gbé láptọ́ọ̀pù wá láàárọ̀ Mọ́ńdè nítorí pé ó ń pẹ́ kó tó tàn. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nínú ẹ̀, ẹni tó yáwó, ẹni tó san, ẹni tó ṣì jẹ. Fọ́tò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀rọ ti mọ́ kedere, Ẹnjiníà sì ń fi àkísà nù ún.

"Mọ́mì, ó ti di tuntun. Ẹ wo bó ṣe ń sáré."

"Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Àwọn nǹkan mi dà?"

Ẹnjiníà á kọ́kọ́ wo fóònù rẹ̀. "Nǹkan wo, Mọ́mì?"

"Àwọn tó wà níbí." Tíṣà fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ.

"Háà! Ṣé ẹ ò ní backup ni?"

Ẹ gbọ́ ohùn tó fi sọ ọ́. Ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Ó dà bí onígbàjámọ̀ tó fá orí oníbàárà kodoro tán, tó wá ń bi í bó ṣe fẹ́ kí òun gẹ̀ ẹ́. Bí tíṣà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwíjàre ti wà nílẹ̀: "Drive C nìkan ni mo fọ́máàtì o, Mọ́mì. Mi ò fọwọ́ kan D." Òótọ́ ni. Kò fọwọ́ kan D. D ṣófo láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà, nítorí pé orí Desktop àti inú Documents ni gbogbo ọmọ aráyé ń kó ẹrù sí, inú C sì ni Windows gbé àwọn méjèèjì sí. Ẹnjiníà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti rí i lójú gbogbo àwọn tó sunkún ṣáájú tíṣà yìí. Síbẹ̀ D ló máa ń nàka sí, bí ẹni pé ojú àánú ló fi dá a sí. Bó bá tún ṣe díẹ̀, ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá: "Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi pé nǹkan pàtàkì wà níbẹ̀." Kí ló rò pé wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ṣé ata ni wọ́n ń lọ̀ nínú ẹ̀ ni?

Kò sì sídìí fún ìparun yìí rárá. Windows 10 àti 11 ní ibì kan nínú Settings tó ń jẹ́ Reset this PC, tó máa ń bi ènìyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ bóyá kí òun dá fáìlì sí tàbí kí òun kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ̀rọ lásánlàsàn béèrè. Ẹnjiníà ò béèrè. Bí ẹnì kan bá gbé Windows tuntun lé ti àtijọ́ lórí láì fọ́máàtì, àwọn ẹrù àtijọ́ á wọ inú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kódà, èyí tí fọ́máàtì kíákíá bá gbé lọ lè padà wá, bí nǹkan mìíràn ò bá tíì gorí ibi tó wà. Ṣùgbọ́n kí onílé tó dé, Ẹnjiníà á ti da Windows, Office àti fíìmù bíi mẹ́fà lé e. Fíìmù yẹn, èènì ni.

Ẹ tún gbọ́ ti àṣẹ ìlò Windows. Láptọ́ọ̀pù tó bá ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú Windows 8 tàbí àwọn tó tẹ̀lé e, inú bọ́ọ̀dù gan-an ni kọ́kọ́rọ́ àṣẹ rẹ̀ sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá tún irú Windows kan náà gbé sínú ẹ̀, tó sì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ á padà fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Owó rẹ̀ ti wà nínú owó ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Windows Pro nìkan ló wà nínú fláàṣì Ẹnjiníà, ló bá gbé Pro lé Windows Home tí ẹ̀rọ bá wá, ó sọ ojúlówó di ayédèrú, ó wá pa antivirus kí activator lè ráyè wọlé. Ọkùnrin tó ní virus ló ń dà yín láàmú ló lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà! Activator náà ń díbọ́n bíi sáfà KMS tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò, àṣẹ irú ẹ̀ kì í sì í ju ọjọ́ 180 lọ bí nǹkan kan ò bá sọ ọ́ dọ̀tun. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, "Activate Windows" yọjú ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, tíṣà tún gbé ẹ̀rọ jáde nílé. Virus ti padà wá. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀.

Kó tó gbé e lé yín lọ́wọ́, oore kan ṣì kù tó máa ṣe yín. "Mo ti pa update ẹ̀ fún yín, kó má baà jẹ dátà yín." Àwọn ènìyàn sì ń dúpẹ́! Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Nítorí irú wa ni Windows ṣe ní ohun tó pè ní metered connection, tí ènìyàn á tẹ̀ kó lè dẹwọ́ lórí dátà. Ẹnjiníà kò débẹ̀ rí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan lára Windows. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni virus kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò náà wọlé, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa kárí ayé, ó ní kí wọ́n wá fi 300 dọ́là ní bitcoin gbà á. Ní England, àwọn ilé ìwòsàn ń dá aláìsàn padà sílé. Windows 7 tí wọn ò fi àtúnṣe yẹn sí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́. Nǹkan bí oṣù méjì ni oògùn fi wà nílẹ̀ tí wọn ò lò ó. Irú èyí gan-an ni virus tí Ẹnjiníà ń pariwo látàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní báyìí, ọjà tuntun ti dé fún un. Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bó bá sì jẹ́ ti Intel, láti nǹkan bí ìran kẹjọ sókè ni. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ọwọ́ wa kò débẹ̀. Ẹnjiníà ò ní sọ fún yín. Á yọ àyẹ̀wò tí Windows 11 ń ṣe kúrò, á kì í wọlé tipátipá, á sì gbowó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló kàn án níbẹ̀? Òun á kúkú ti pa update. Linux wà tí ènìyàn lè lò dípò Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ dìde. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rẹ́rìn-ín.

Àwa oníbàárà náà lọ́wọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá ní eruku ló di fáànù, tàbí pé hard disk ti ń kú lọ, kí a san owó àyẹ̀wò, a ó ní olè ni. Fọ́máàtì ṣeé fojú rí: ojú ẹ̀rọ mọ́, ó sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì sanwó tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Eruku ṣì wà nínú fáànù.

Bí ẹ bá tún gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá a, ẹ bi í kó tó yọ fláàṣì lọ́rùn: "Ibo lẹ máa kó fáìlì mi sí?" Bó bá gbé hard disk mìíràn jáde, ẹ jókòó tì í títí á fi kó wọn tán níṣojú yín. Bó bá ní kẹ́ ẹ má ṣèyọnu, ẹ gbé ẹrù yín, kẹ́ ẹ máa lọ.