Ẹ̀ńjíníà Àdúgbò àti Ihò USB

Ẹ̀ńjíníà àdúgbò ni ọkùnrin tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí gbogbo ohun tó ń lo iná ládùúgbò ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní Sùúrùlérè, láti Ojúẹlẹ́gba títí dé Àgùdà, ó ṣòro kí òpópónà kan má ní tirẹ̀. Àwọn ilé tí ìjọba kọ́ síbẹ̀ láti nǹkan bí 1955, fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò ní àárín Èkó, sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìròyìn ohun tó bàjẹ́ fi ń dé etí rẹ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Tẹlifíṣọ̀n ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, ó bọ́ sórí dikódà. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé 2020 sọ pálọ̀ di ọ́fíìsì, ó bọ́ sórí láptọ́ọ̀pù. Àpò dúdú rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: téèpù wà níbẹ̀, àti ìdì wáyà tí òun gan-an kò mọ ohun tí ìdajì wọn wà fún.

Ibi tí ìwà rẹ̀ ti ń hàn jù ni ọ̀rọ̀ headset. Ihò yíyípo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù ti bàjẹ́, ẹni tó ni ín ní ìpàdé pàtàkì lọ́la, ihò USB nìkan ló kù. "Bọ̀dá Ẹ̀ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ẹ̀ńjíníà kì í sọ pé òun kò mọ̀. Á yí láptọ́ọ̀pù náà síwá sẹ́yìn, á fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò rẹ̀, á wá béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ tú u?" Bí wọ́n bá ní kò sẹ́ni tó tú u rí, á rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni wáyà kan á jáde látinú àpò, USB lápá kan, ihò yíyípo lápá kejì. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Apple fi èyí tó jọ ọ́ sínú páálí iPod shuffle, kí orin àti iná lè gba ibẹ̀ wọlé láti ara kọ̀ǹpútà. Wọn kò ṣe é fún máìkì. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ńjíníà ní ìṣirò tirẹ̀: irin tó wà lẹ́nu headset pín sí mẹ́rin, irin inú ihò USB jẹ́ mẹ́rin, mẹ́rin bá mẹ́rin mu, kí ló tún kù?

Ohun tó kù pọ̀. Mẹ́rin ti headset ni etí òsì, etí ọ̀tún, máìkì, àti ọ̀nà tí iná wọn ń gbà padà. Mẹ́rin ti USB ni iná fóòtì 5, ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀, àti wáyà méjì tó ń gbé nọ́ńbà. Ohùn tó ń ti máìkì jáde kì í ṣe nọ́ńbà. Iná kíún ni, tó ń lọ sókè sódò bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Àfi kí chip kan wà láàárín tí yóò máa wọn iná yẹn nígbà 44,100 tàbí 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Chip kan náà ló ń fún máìkì ní iná kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́. Wáyà lásán kò ní chip, nítorí náà láptọ́ọ̀pù kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ki nǹkan bọ òun lára. Bí ẹni ki kọ́bọ̀ onírin sẹ́nu ATM ni.

Ẹ̀ńjíníà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní driver ni. Nígbà tí driver kò ṣe é, ó di fáírọ́ọ̀sì. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kò ṣe é, ó format láptọ́ọ̀pù, fọ́tò ìsọmọlórúkọ sì bá a lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ki headset náà bọ fóònù rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ketekete, ó wá dájọ́ pé láptọ́ọ̀pù ló ní àìsàn. Ó gbàgbé pé fóònù ní chip tirẹ̀ nínú.

Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò tó àtàǹpàkò: USB sound card, tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà. Chip wà nínú rẹ̀, Windows sì máa ń dá a mọ̀ láìsí pé a ń wá driver kankan fún un. Ó ku kí a lọ sí Settings, lábẹ́ Sound, kí a yàn án fún máìkì. Ibi tí ó ti ń dẹ pàkúté ni pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ihò méjì, ọ̀kan fún etí, ọ̀kan fún máìkì. Headset ẹlẹ́nu kan yóò nílò splitter tó pín ẹnu náà sí méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí á gbọ́, máìkì á dákẹ́.

Bí ẹlòmíràn bá ra sound card náà wá tó sì ṣiṣẹ́, Ẹ̀ńjíníà ló ń gba ọpẹ́; ó ní format tí òun ṣe ló la ọ̀nà. Kì í béèrè owó iṣẹ́, owó màltínà nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ràn fọ́tò rẹ̀, kó ra sound card kó tó ránṣẹ́ pè é.