Scotland Wà Lójú Ọ̀nà Ìjẹ̀bú

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni ẹ máa rí wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n háyà ní Ìkẹjà ló ń gbé wọn wọ Ìjẹ̀bú-Òde, láti oríta Mobálùfọ́n ni wọ́n sì ti ń sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ojú tó bá fẹ́ rí wọn má baà ṣe wàhálà. Bọ̀dá wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù. Wọ́n ní ibi tí àwọn ti ń bọ̀ kò móoru. Ìwé pélébé kan ni Àǹtí fi ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì yí ojú rẹ̀ síta kí a lè rí ohun tí wọ́n kọ sí i: York Minster.

Orúkọ àbísọ wọn kò ṣe pàtàkì, nítorí kò sí agboolé kan ní Mọ̀lípà, Dègùn tàbí Ìjàsí tí kò ní irú wọn. Ọkọ ń tọ́jú arúgbó, ìyàwó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé. Ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni Brighton, Margate, Edinburgh, orí òkè Snowdon, àti Páríìsì tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì òru lọ láti Victoria, tí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì òru bọ̀, tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n mọ̀ jù nílẹ̀ Faransé ni ibi tí awakọ̀ ti dúró kí èrò lè tọ̀.

Fóònù ni ẹ̀rí. Nínú gbogbo fọ́tò, Bọ̀dá na ọwọ́ ọ̀tún sí ohun tó wà lẹ́yìn wọn, bí ẹni tó ń fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ han oníbàárà. Àǹtí dúró lápá òsì, gíláàsì dúdú wà lójú wọn, òjò sì ń rọ̀. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, fọ́tò ti dé orí WhatsApp mọ̀lẹ́bí. Kì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń yà á fún o. Ta ló ráyè wọn ní Lọ́ńdọ̀nù? Àwa ni. Bí tọkọtaya yìí bá wọkọ̀ ojú irin lọ sí Scotland, Ìjẹ̀bú-Òde gan-an ni wọ́n ń lọ. Scotland kàn wà lójú ọ̀nà ni.

Òpin ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí òkè tàbí òkun, ìnáwó á wà. Ẹnì kan ń ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ ní Birmingham, aṣọ ẹbí ti dé láti ilé, kúlà ìrẹsì wà nínú búùtù. Ilé ìtọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì M40 ni Àǹtí ti wé gèlè, níwájú dígí, tí obìnrin òyìnbó kan tó fẹ́ fọwọ́ dúró tì wọ́n títí tó fi gbàgbé omi. Ní ti owó níná, ẹ fi ọgbọ́n sílẹ̀ fún Ìjẹ̀bú. Láti 1988 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kó bébà pọ́n-ùn kan nílẹ̀, onírin ló kù, ẹnikẹ́ni kò sì lè lẹ irin mọ́ iwájú orí olórin. Bébà tó kéré jù jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún. Kí ni Bọ̀dá wá ṣe? Wọ́n ṣẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ná an pelebe-pelebe, olórin ń kì wọ́n ní Yorùbá, ní Birmingham, lórí owó Washington. Ìjókòó wọn kò pẹ́ níbẹ̀. Aago méje òwúrọ̀ ni Àǹtí máa wọṣẹ́.

Ìrìn-àjò iṣẹ́ tún ni ti Bọ̀dá lọ́tọ̀. "Iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí Swindon." "Nígbà tí mo wà ní Leicester lórí iṣẹ́." Ohùn wọn á wálẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rò pé báńkì ni wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò. Lọ́dún kan, nínú pálọ̀ wa, wọ́n ń ṣàlàyé bí Swindon ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn tó, àbígbẹ̀yìn wọn bá gbé ojú sókè láti orí géèmù rẹ̀: "Dádì, ṣé ibẹ̀ kọ́ ni bàbá yẹn ti da tíì sí yín lára?"

Àǹtí yára fi fọ́tò Páríìsì hàn wá.

Èmi kò rí ẹ̀rín nínú tíì yẹn. Òrùlé tó wà lórí wa lọ́jọ́ náà, owó àìsùn Swindon ló kàn án, owó iléèwé ọmọ méjì ní Àgọ́-Ìwòyè sì ń ti ibẹ̀ wá. Bí wọ́n bá ròyìn arúgbó náà fún wa, bó ṣe ń bínú, bí wọ́n ṣe ń rọ̀ ọ́ jẹun lóru, à bá gbọ́ ọ dalẹ́. Ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n máa ń ròyìn.

Bọ̀dá ní àfojúsùn kan tí wọn kì í fi pamọ́ pátápátá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Kábíyèsí Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n pè wọ́n wálé jọba. Wọ́n gorí ìtẹ́ ní 1960, wọ́n sì lo ọdún 65 kí wọ́n tó wàjà ní oṣù keje 2025. Bọ̀dá kì í ṣe ọmọ ọba, wọ́n mọ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ ìtàn náà tán, wọ́n á wo fóònù wọn, bóyá ẹnì kan ń pè láti Ìtòrò nípa oyè kékeré kan.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń yọ jù, lójúde Ọba, níbi tí àwọn Mùsùlùmí, pẹ̀lú Balógun Kúkù níwájú, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin ń jó, ìbọn ń dún, ẹgbẹ́ kan ń tẹ̀lé òmíràn nínú aṣọ tí owó rẹ̀ tó ti mọ́tò, Gbobaniyì, Bobagbìmọ̀, Arobayọ̀. Bọ̀dá ń bá ẹgbẹ́ wọn yan, fìlà gẹ̀gẹ̀ lórí. Lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ẹnu wọn máa ń gbàgbé Edinburgh.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lọ́dún kan, ni Bàbá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Stonehenge ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú, sà. Wọ́n ní òmíràn nínú àwọn òkúta náà, láti Wales ni wọ́n ti gbé e wá."

"Èló lẹ san?"

"Ó lé ní ogún pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, sà."

"Ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Wọ́n fa okùn yí i ká, sà. A ò gbọdọ̀ kọjá okùn."

Bàbá Àgbà ṣe ìṣirò rẹ̀ sí náírà, ètè wọn ń mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi Bọ̀dá léèrè bóyá wọ́n ti dé Erédò rí.

Pálọ̀ parọ́rọ́. Erédò Sùngbọ́ ni Bàbá ń wí, yàrà àti ògiri iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Stonehenge ti wọ ìwé ohun-ìní gbogbo ayé ti UNESCO ní 1986. Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà lórí ìlà àwọn tó ń dúró. Fisà rẹ̀ kò tíì jáde. Ní àwọn ọdún 1990, òyìnbó awalẹ̀pìtàn kan, Patrick Darling, kúrò ní Yunifásítì Bournemouth, ó wá ń fẹsẹ̀ rin inú igbó wa, ó ń wọn yàrà náà. Bọ̀dá àti Àǹtí ti dé Bournemouth. Áásìkiriìmù ni wọ́n jẹ níbẹ̀.

"Ní 1892," Bàbá Àgbà ní, "ìbọn ni baba àwọn tí ẹ ń lọ kí yìí fi ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ní Ìmàgbọ̀n. Ẹ̀yin tí ọ̀nà ṣí fún, ẹ ò rìn ín."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ. Google darí wọn sínú oko ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n sì pe ọlọ́kadà. Ọmọ Ìdómà ni ọmọkùnrin náà, kò tíì pé ọdún méjì ní Ìjẹ̀bú, òun ló sì mú wọn débẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà. Ògiri méjèèjì ga, ewédò bò wọ́n, ó tutù, Àǹtí sì wá jákẹ́ẹ̀tì ọkọ wọn kàn. Bọ̀dá na ọwọ́ ọ̀tún. Fọ́tò dé orí WhatsApp lójú ẹsẹ̀, láìsí orúkọ ibi kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wọn kan ní Leeds ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní ibẹ̀ mà dára o, apá ibo ní Wales ni? Títí wọ́n fi padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò fún un lésì.