Ilé Ọba Tó Jó, Láìsí Ìlú

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i" ni àwọn Yorùbá fi ń ṣìpẹ̀ fún ẹni tí òfò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n orí ètò ìlú ni òwe náà dúró lé. Ààfin, èyíinì ni ibùgbé ọba, kì í ṣe ohun ìní ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Ti ìlú ni, nítorí náà bí iná bá jó o, ìlú ni yóò kó ara jọ láti tún un kọ́, tí kò sì sí àdúgbò tí yóò fẹ́ kí iṣẹ́ tirẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn alágbára òde òní fẹ́ràn òwe yìí, ṣùgbọ́n ilé ọba nìkan ni etí wọn mú nínú rẹ̀. Wọn kò gbọ́ ti ìlú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú àìgbọ́ bẹ́ẹ̀ ń yọrí sí, kí ó wo Gbadolite, abúlé àwọn baba ńlá Mobutu Sese Seko, nínú igbó ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Congo, èyí tí Mobutu, tó ṣe olórí láti 1965 sí 1997, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Zaire. Ààfin kan kò tó o níbẹ̀: ó kọ́ ọ̀kan sí ìlú, ó kọ́ òmíràn sí Kawele lẹ́yìn ìlú, ó sì tún kọ́ àwọn ilé olórùlé ìpele-ìpele bí ti àwọn ará Ṣáínà, tí òkúta mábù sì pọ̀ nínú àwọn ilé náà bí ẹni pé inú igbó yẹn ni wọ́n ti ń hù. Pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó gùn ju kìlómítà 3 lọ, kí Concorde, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú tí eré rẹ̀ yá ju ti ìró lọ, tí olórí náà máa ń háyà láti ilẹ̀ Faransé, lè rí ibi balẹ̀ sí. (Kinshasa tí í ṣe olú ìlú jìnnà ju kìlómítà 1,000 lọ, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò gidi tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní í fi Concorde rin ọ̀nà mọ́tò?)

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, nígbà tí àwọn jagunjagun Laurent Kabila, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, ń sún mọ́ tòsí, Mobutu, tí àìsàn jẹjẹrẹ ti mú balẹ̀, sá kúrò ní Gbadolite. Concorde kọ́ ló gbé e. Ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ gan-an, tí ó ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn, sì yìnbọn lu ọkọ̀ náà bí ó ti ń gbéra. Lomé ní ilẹ̀ Tógò ni ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí, kí ó tó lọ kú sí Morocco ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Iná kọ́ ló pa àwọn ààfin náà run. Ìkógun ló tú wọn, àwọn ará ìlú, tí òwe ń retí pé kí wọ́n wá tún wọn kọ́, sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nísinsìnyí àwọn àlejò ń lọ ya fọ́tò ògiri tí koríko ti bò, wọ́n sì ń dárò ogún tó bàjẹ́, láìbéèrè ẹni tí a fi ogún náà sílẹ̀ fún. Ilé kan tí a kọ́ kù, tí ìjọba fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì, ti di ilé ẹ̀kọ́. Ìdídò Mobayi-Mbongo lórí odò Ubangi, tí a mọ láti fi pèsè iná mànàmáná, ṣì ń fún ìlú náà ní iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń dárò kì í sábà ya fọ́tò ìwọ̀nyẹn.