Ọ̀gá Mo-Mọ-Ara-Mi

Ẹ ò ní í pẹ́ dá a mọ̀. Kò tíì béèrè orúkọ yín tí yóò fi sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín: "Kọ̀lẹ́ríìkì lèmi o. Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń sọ tinú mi." Ó lè jẹ́ olórí ẹ̀ka kan ní ọ́fíìsì yín ní Ìkẹjà, ó lè jẹ́ alága àwọn onílé ládùúgbò, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi yòówù kí ẹ ti pàdé rẹ̀, ó ti lọ sí sẹ́mínà. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ẹni tí yóò darí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ara rẹ̀, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́ títí dé "mọ ara rẹ̀", ó dìde, ó lọ jẹ ráìsì.

Sátífíkéètì rẹ̀ kún ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀, níbi tí gbogbo àlejò yóò ti máa rí wọn, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní í rí wọn àfi tó bá yíjú padà.

Ọ̀nà jìn tí kọ̀lẹ́ríìkì yìí ti wá. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló gbà pé omi mẹ́rin ló wà lára èèyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa rúsúrúsú àti òróòro dúdú. Èyí tó bá pọ̀ jù lára ẹni ló ń pinnu ìwà rẹ̀; ẹni tí òróòro pupa rúsúrúsú bá pọ̀ jù lára rẹ̀ ni kọ̀lẹ́ríìkì, onínúfùfù. Galen, oníṣègùn tó gbé ní Róòmù ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ló mú ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀. Àwọn dókítà ti da òróòro yẹn nù tipẹ́. Pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Tim LaHaye, ló ṣà á jọ padà fún àwọn Kristẹni nínú ìwé tó gbé jáde ní 1966, àwọn ọmọ yunifásítì wa sì ti fi ń pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ láti ìgbà náà. Bí ìyẹn kò bá tó o, ìdánwò ìwà ti Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀, Isabel Myers, wà níbẹ̀, tó pín aráyé sí irú èèyàn 16. Mo ti yẹ àwọn 16 náà wò. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn, kò sí ajẹgbèsè, kò sí ọ̀lẹ. Ta ni kò ní í fẹ́ mọ ara rẹ̀ nírú ayé bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí mú bọ̀ látinú gbogbo ẹ̀kọ́ náà: "Bí mo ṣe rí nìyẹn." Kì í sọ ọ́ kó tó pariwo. Yóò kọ́kọ́ pariwo títí gbogbo ọ́fíìsì yóò fi dorí kodò, tí ọmọbìnrin tó ń ṣírò owó yóò fi sá wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ nu ojú. Nígbà náà ni yóò mí kanlẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: "Ẹ má bínú o, bí mo ṣe rí nìyẹn." Ẹ fetí sí "ẹ má bínú" yẹn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, àṣẹ ni. Ẹni tí wọ́n bú ni kò gbọdọ̀ bínú. Bí ọmọbìnrin náà bá padà dé pẹ̀lú ojú pípọ́n, yóò tún jẹ ẹ̀bi ẹlẹ́ẹ̀kejì: kò mọ bí ọ̀gá ṣe rí!

Ó pe ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án, ó dé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀: òun kì í ṣe èèyàn àárọ̀. Ó tẹ àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan sórí WhatsApp gbogbo ilé-iṣẹ́: òun kì í fi nǹkan pamọ́ sínú. Òun kì í sì í fọkàn sí nǹkan kéékèèké. Nǹkan kéékèèké náà ni owó oṣù awakọ̀ rẹ̀. Tí àgbà kan bá fẹ́ dá sí i, yóò ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá, ẹ mọ ìwà fún oníwà." Ẹlòmíràn ló máa ń bá èèyàn fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀bẹ̀. Ti ọ̀gá yìí ni mo kọ́kọ́ rí tó ń fi bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ìgboyà ńkọ́? Ó pọ̀. Àyà wà níwájú, bó bá ń bọ èèyàn lọ́wọ́, á fún ìka ẹni pọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò tíì sọ "mi ò mọ̀" rí.

Tasha Eurich, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ mímọ ara ẹni, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló gbà pé àwọn mọ ara àwọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lóòótọ́ kò ju ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tó wà nípò gíga ló sì máa ń ṣi ara wọn díwọ̀n jù, torí ẹni tó lè la òótọ́ fún wọn kò pọ̀. Ẹ ò nílò ìwé ìrìnnà kí ẹ tó gbọ́ èyí. Ẹ bi awakọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé kọ̀lẹ́ríìkì yìí mọ ẹni tó ń yọjú sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá àgbà wọlé: ohùn á wálẹ̀, "sà" á wọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, á ti rẹ́rìn-ín kí àpárá tó parí. Kí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn kọ́ apá dá a dúró lọ́nà Ìbàdàn lálẹ́, sùúrù rẹ̀ á kọjá ti àlùfáà. Òróòro náà dà? Ìbínú tó ń wo ipò kó tó jáde kì í ṣe àbínibí. Ẹni tó lè gbé e mì níwájú ọ̀gá lè gbé e mì níwájú ìránṣẹ́. Kò fẹ́ ni. Ìkà ni. Ẹ jẹ́ ká yéé fún un lórúkọ Gíríìkì.

Ní báyìí, òun náà ti di olùkọ́ ní sẹ́mínà. Àwòrán rẹ̀ ti wà lórí bánà, ó ká apá mọ́ àyà. Wọ́n ń sanwó wọlé, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Ó ní dandan ni fún gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ òun láti wá, òun yóò sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun kò lọ. Wọ́n mọ bí ó ṣe rí.