Ẹ Bá Mi Wá Ẹni Tó Ń Jẹ Ọ̀fẹ́ Ìlú Ọba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ta ló lọ sọ fún àwọn ará ilé wa pé ọ̀fẹ́ ni ìwòsàn ní Ìlú Ọba? Lóòótọ́, lọ́dún 1948 tí ìjọba dá ètò ìlera NHS sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní London, tí wọ́n ń gé owó orí mi lóṣooṣù, kí wọ́n tó fún mi ní fíísà, wọ́n ti gba owó ìlera sílẹ̀ ná! 200 pọ́n-ùn lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ó ti di 1,035 lórí àgbà, 776 lórí ọmọdé. Èmi, ìyàwó, ọmọ méjì, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 3,622 pọ́n-ùn lọ́dún kan! Ti ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 10,866! Ara wa wá le koko, kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú wa!

Ẹkún owó yẹn ni mo ṣì ń sun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi dé láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn wá kí wa. Kíkí wo? Bàbá tó to àìsàn sínú ìwé bí ẹni tó ń lọ sọ́jà: orúnkún, ojú, eyín, ẹ̀yìn, àti ọ̀kan tó jẹ́ pé dókítà nìkan làwọn máa sọ ọ́ fún!

Dókítà àdúgbò kò gba kọ́bọ̀, torí òfin kò ní kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀. Háà, Bàbá bá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “O ò rí i? O fẹ́ kí orúnkún pa mí ni!”

Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ní ká lọ fún iṣẹ́ abẹ ni wàhálà wà. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò wo orúnkún, kò béèrè orúnkún, ìwé ìrìnnà ló ń béèrè. Ó ní ẹni tó bá fi ìlú náà ṣe ibùgbé ló ni ọ̀fẹ́, àlejò olóṣù mẹ́fà kò sí níbẹ̀, ohun tó bá jẹ́ 100 pọ́n-ùn lójú ìwé wọn, 150 ni Bàbá máa san, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án pé kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ, torí orúnkún kì í ṣe pàjáwìrì! Mo ní ibà ńkọ́? Ó ní ọ̀fẹ́ ni ti ibà. Ẹ gbọ́ ìkà! Ní Ìsẹ́yìn tí ẹ̀fọn ti ń jẹ Bàbá, owó ni wọ́n fi ń ra oògùn ibà; ìlú tí kò ní ẹ̀fọn oníbà kankan ni ibà ti wá di ọ̀fẹ́!

Bàbá fà mí sí kọ̀rọ̀. “Ṣé o ti sanwó tìẹ?” Mo ní mo ti san án, sà. “Ṣé nǹkan ń ṣe ọ́?” Mo ní rárá, sà. “Yá mi ní tìẹ nígbà náà.”

Mo ní kò ṣeé yá. Ìjà dé! Bàbá ní kí n jẹ́ ká jẹ ilé ìwòsàn ní gbèsè, mo ní bí gbèsè 500 pọ́n-ùn bá fi oṣù méjì wà nílẹ̀, ìjọba lè tìtorí ẹ̀ fi fíísà du Bàbá lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní torí mi ò ní páálí Ìlú Ọba ni, mo ní ẹni tó ní páálí tó sì ń gbé Lẹ́kkí, bó bá wá, yóò sanwó, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n pe Ìsẹ́yìn, wọ́n pe Ìbàdàn, wọ́n pe Houston, gbogbo mọ̀lẹ́bí wá gbọ́ pé mo ń dá nìkan jẹ ọ̀fẹ́ Ọba! Níbi iṣẹ́, òyìnbó ẹgbẹ́ mi náà ní àwa àlejò la ń jẹ ọ̀fẹ́ àwọn tán! Èmi tí mo lọ gba oògùn ẹ̀yìn ríro lánàá, tí wọ́n tún gba 9.90 pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń jẹ ọ̀fẹ́ yìí gan-an, bí ẹ bá rí i, ẹ ní mo ń wá a. Kó mú rìsíìtì mi dání!